Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mi ò lò dáadáa: ìrírí mi níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní ìṣirò kábọ́ọ̀nù

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n fi kọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo lò. Ọkọ̀ tí a gbà padà wọ igbó lẹ́ẹ̀kejì, epo rẹ̀, oúnjẹ àwọn tó tẹ̀ lé wa, inú owó iṣẹ́ tèmi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, torí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni àdéhùn wa sọ pé a máa wọgbó. Ohun tó sì fa gbogbo wàhálà yìí ò ju téèpù lọ. Téèpù o! Kì í ṣe sátẹ́láìtì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Òṣìṣẹ́ igbó mẹ́rìndínlógún ló wá, láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó ṣì ń gòkè àgbà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí wọ́n lè sọ iye kábọ́ọ̀nù (èròjà tí igi ń fà látinú afẹ́fẹ́, tó sì ń fi pamọ́ sára) tó wà nínú igbó wọn lọ́nà tí ẹni tó fẹ́ rà á kò fi ní máa fura sí wọn. Àlàkalẹ̀ REDD+, ètò àgbáyé tó ń sanwó fún orílẹ̀-èdè tó bá dáàbò bo igbó rẹ̀, tí wọ́n fẹnu kò sí ní Warsaw lọ́dún 2013 ti sọ ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gbowó lórí igbó tí kò gé, mi ò sì ní tú ìyẹn palẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n. Apá ti sátẹ́láìtì náà, wẹ́rẹ́ ló lọ. Àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ilẹ̀, ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2008, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo sì fi kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ ibi tí igbó ti di oko. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi kọ́ wọn bí a ṣe ń fi téèpù yí igi ká. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tí à ń wá lára igi ni ìbú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan gba àárín dé ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tó ga tó mítà 1.3 sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ti rúlà bọ inú igi tó dúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń yí téèpù ká a. Téèpù onígbó ní ojú méjì. Ojú kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà lásán bíi ti aránṣọ, àyíká igi ló ń kà. Ojú kejì, wọ́n ti fi 3.14 pín in láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìbú ló ń kà fúnni tààrà. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ó dá mi lójú pé mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, nígbà tí àwọn kan ṣì ń wá bàtà wọn kiri.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo pín wọn sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wọn pulọ́ọ̀tì márùn-ún, ìyẹn abala ilẹ̀ kékeré tí a ti ń wọn igi. Lálẹ́ ọjọ́ keje, a da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fún wa ní 735 tọ́ọ̀nù igi lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn bí omi ara igi bá gbẹ tán. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní, “A ti lówó!” Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Iye tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, kọ sínú ìwé ìlànà ọdún 2006 fún igbó òjò ilẹ̀ olóoru wà láyìíká 300, igbó tí a sì wọ̀ yìí, wọ́n ti gé igi ńlá inú rẹ̀ rí.

Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá inú Excel. Mo fura sí ìṣirò Chave ti ọdún 2014 tí a lò, èyí tó ń fi ìbú, gíga àti ìwúwo pákó sọ bí igi ṣe wúwo tó, bóyá ẹnì kan fi àmì sí ibi tí kò yẹ. Ó pé. Mo fura sí pulọ́ọ̀tì, bóyá wọ́n ṣi ilẹ̀ wọ̀n. Ó pé. Nígbà tí mo wá to ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́, mo rí i pé ẹgbẹ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹrin wà láyìíká 240, ẹgbẹ́ kẹta sì gbé 2,220 kalẹ̀. Irú iye yẹn, bóyá lọ́dọ̀ àwọn igi redwood, igi ràbàtà ti Kalifọ́níà.

Ọjọ́ kejì lọ sórí ọ̀gá tó ṣáájú ẹgbẹ́ kẹta. Ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ igbó. Ó ní etí odò ni pulọ́ọ̀tì tàwọn wà, igi ibẹ̀ tóbi. Ó ní, “Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mi ò mọ igi wọ̀n ni?” Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo igi kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Òjò ti pa ìwé tí wọ́n kọ nínú igbó, wọ́n ti dà á nù, àròpọ̀ pulọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ta ló ní kí wọ́n fi àròpọ̀ nìkan ránṣẹ́? Èmi ni. Mo fẹ́ kó yá.

La bá padà sínú igbó. Ọmọbìnrin tó ń kọ iye sílẹ̀ fún wọn rántí igi 17, torí òun ló kan nọ́ńbà mọ́ ọn: 94 ni wọ́n kọ. Mo yí téèpù ká igi náà, ó jẹ́ 30. Mo tún un ṣe, 30. Ọ̀gá gba téèpù lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i ká a, wọ́n ní 94. Igi kan náà, téèpù kan náà. A ń wo ara wa bí ẹni tí àǹjọ̀nú ń bá ṣeré, títí ọmọbìnrin yẹn fi sọ jẹ́jẹ́ pé, “Sà, ẹ yí téèpù yẹn padà.”

Ojú aránṣọ ni ẹgbẹ́ kẹta ti ń kà láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Bí igi yẹn bá ga tó mítà 20, tí ìwúwo pákó rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 0.6 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan (cm³), ìbú 30 á sọ ọ́ di kílò 580. 94 á sọ ọ́ di 5,400. Àṣìṣe kékeré tó ń gun ara rẹ̀ nìyẹn, torí ìṣirò náà ń sọ ìbú di ìlọ́po ara rẹ̀.

Ẹ wá gbé e dé ọjà. A máa sọ ìwọ̀n igi di ìlọ́po 0.47 kó lè di kábọ́ọ̀nù, a ó sọ kábọ́ọ̀nù di ìlọ́po 44/12 kó lè di CO2, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tọ́ọ̀nù CO2 kan sì ni ẹyọ kan tí wọ́n ń tà. Iye tòótọ́ wa jẹ́ 414 lórí hẹ́kítà kan. Iye tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jẹ́ 1,267. Ó lé ní 850 tọ́ọ̀nù tí kò sí níbì kankan láyé, lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ títí a fi dénú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé pé àyíká igi ni wọ́n fi kọ́ àwọn níṣẹ́, òun náà ló wà nínú tábìlì àtijọ́ tí ọ́fíìsì wọn fi ń ṣírò pákó. Ojú tì mí. Ọwọ́ wọn lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára láti ọgbọ̀n ọdún ni, èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ṣe ń wọn igi tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, mo fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta tó kù yangàn. Wọ́n tún pulọ́ọ̀tì márààrún wọ̀n, iye wọn bá ti àwọn yòókù mu, ọmọbìnrin yẹn ló sì ṣírò bí a ṣe lè ṣì tó láì jẹ́ pé mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ yìí, ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ojú téèpù tí ẹ ò lò. Ẹ kọ “ìbú” gàdàgbà sórí ìwé, ẹ má kọ D (diameter) lásán bíi tèmi. Ẹ kó gbogbo ẹgbẹ́ sídìí igi kan náà kí wọ́n tó tú ká, kí kálukú wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gba igi kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, bí kò tilẹ̀ yá. Ìwé tí òjò pa, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó gbẹ.

Owó epo yẹn ṣá, mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.