Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nínú Sísọ Nọ́ńbà Odidi Lórúkọ nínú Kóòdù Kernel

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú kóòdù kernel Linux (ọkàn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà), ilé tí a ń wò ni ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ: ṣé inú kernel nìkan ni yóò wà títí, ṣé yóò bọ́ sọ́wọ́ ètò tí ó wà ní userspace (ibi tí àwọn ètò lásán ti ń ṣiṣẹ́, lóde kernel) ni, àbí ẹ̀rọ kan tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò kà á? Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ń bá pàdé nínú iṣẹ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ kernel ló jẹ́ pé wọn kò bi ara wọn ní ìbéèrè yìí kí wọ́n tó yan orúkọ.

Èyí tí ó kọ́kọ́ ń hàn ni kíkọ `u32` (nọ́ńbà odidi oníbíìtì 32 tí kò gba òdì) sínú fáìlì header (fáìlì ìkéde tí àwọn kóòdù mìíràn ń fà wọlé) tí ètò òde yóò lò. Láti `u8` dé `u64`, àti láti `s8` dé `s64` tí ó gba nọ́ńbà òdì, orúkọ inú ilé ni wọ́n. Bí a bá gbé wọn sí abẹ́ `include/uapi`, níbi tí àwọn header fún userspace wà, ẹni tí ó ń kọ ètò tirẹ̀ lè ti fi `u32` pe nǹkan mìíràn, orúkọ méjèèjì yóò sì forí gbárí. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ `__u32` níbẹ̀, nítorí pé èdè C ti ya orúkọ tí ó fi ìlà ìsàlẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀, kò sì yẹ kí ètò lásán fọwọ́ kàn án. Ní ti `uint32_t` tí C99 (ìlànà èdè C ti 1999) mú wá, ìlànà ìkọ̀wé kernel kò kọ̀ ọ́. Ohun tí ó ní kí a ṣe ni pé kí a tẹ̀lé èyí tí fáìlì náà ti ń lò. Àtúnṣe tí kò ṣe ju kí ó pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì lọ, ariwo lásán ni lójú tèmi.

Ewu gidi wà nínú `long`. Báìtì 4 ni lórí Linux oníbíìtì 32, báìtì 8 ni lórí oníbíìtì 64, ó sì tún jẹ́ 4 lórí Windows oníbíìtì 64, èyí tí ó máa ń tan àwọn tí ó ń gbé ìwakọ̀ ẹ̀rọ (driver) láti ọ̀hún wá. Nínú kernel Linux, `unsigned long` máa ń gba pointer (nọ́ńbà tí ó tọ́ka sí ibì kan nínú ìrántí), nítorí náà ó tọ́ fún àdírẹ́sì tí kò ní jáde síta, ṣùgbọ́n kò tọ́ fún àdírẹ́sì gidi ti ìrántí (physical address): ẹ̀rọ x86 oníbíìtì 32 tí ó ń lo PAE (ọ̀nà tí ó fi ń dé ìrántí tí ó pọ̀ sí i) lè ní àdírẹ́sì tí ó ju bíìtì 32 lọ, `phys_addr_t` la sì ṣe fún un.

Ẹni tí ó ti sá fún `long` tún lè ṣubú níbí:

```
struct req {
        __u32 flags;
        __u64 addr;
};
```

Orúkọ méjèèjì tọ́, síbẹ̀ báìtì 12 ni struct yìí (àkójọ nọ́ńbà lábẹ́ orúkọ kan) lórí i386 (x86 oníbíìtì 32), nítorí pé ibẹ̀ gbà kí `__u64` bẹ̀rẹ̀ ní ìpín mẹ́rin-mẹ́rin, nígbà tí x86-64 fẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ó sì sọ ọ́ di báìtì 16 pẹ̀lú ihò báìtì 4 láàárín. `_IOW` máa ń fi ìwọ̀n struct kún nọ́ńbà àṣẹ ioctl (ọ̀nà tí ètò fi ń pàṣẹ fún ìwakọ̀ ẹ̀rọ), nítorí náà ètò oníbíìtì 32 yóò pe àṣẹ tí kernel oníbíìtì 64 kò mọ̀ rí, `ENOTTY` (àṣìṣe pé a kò mọ àṣẹ náà) ni yóò sì gbà. Mo ti fi ọ̀sán odidi kan wá irú èyí kiri nínú ìwakọ̀ ẹ̀rọ, nígbà tí ìwakọ̀ kò ní ẹ̀sùn kankan. Bí a bá sì da irú struct bẹ́ẹ̀ padà fún userspace láìfi òdo nù ún, ohun tí ó wà nínú ihò náà lè jẹ́ àṣírí kernel. Ẹ fi `__u32 reserved` dí ihò náà, kí ẹ má sì gba ìbéèrè tí kò bá fi òdo sí i.

Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ mìíràn yóò kà kò yẹ ní `u32` lásán, bí kò ṣe `__le32` (báìtì kékeré ṣáájú) tàbí `__be32` (báìtì ńlá ṣáájú), kí sparse (ètò tí ó ń yẹ kóòdù kernel wò) lè bá wa mú ibi tí a ti gbàgbé láti yí ètò báìtì padà; `make C=1` ni ẹ ó fi pè é.

Àṣìṣe tí ó rọrùn jù ló sì ń fara pamọ́ jù. Ẹni tí ó kọ `u32 ret`, tí ó wá béèrè `if (ret < 0)`, kò ní rí àṣìṣe kankan láéláé, nítorí pé `-EIO` (−5, àmì àṣìṣe kíkà tàbí kíkọ) ti di 4294967291 kí ìbéèrè náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni `char` rí láti Linux 6.2, tí a ti ń fi `-funsigned-char` (tí kò jẹ́ kí `char` gba nọ́ńbà òdì) kọ́ kernel lórí gbogbo ẹ̀rọ: bí ẹ bá fẹ́ fi −1 pamọ́ sínú báìtì kan, `s8` ni kí ẹ kọ.