Bí A Ṣe Ń Dáná Oúnjẹ Níwájú Àlejò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tábìlì

Ní àwọn ilé oúnjẹ ayé àtijọ́ tí aṣọ funfun ti ń bo tábìlì, tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ sì ń wọ kóòtù dúdú, ojú àlejò gan-an ni wọ́n ti ń parí àwọn oúnjẹ kan. Wọn a ti tábìlì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní guéridon, dé ẹ̀gbẹ́ àlejò, wọn a sì máa ṣiṣẹ́ wọn wọ́ọ́rọ́. Bananas Foster ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ oníná tí Paul Blangé, alásè ilé oúnjẹ Brennan's ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1951, nítorí pé sísè rẹ̀ kò díjú, bẹ́ẹ̀ iná rẹ̀ dùn ún wò.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni àlejò kò ní rí. Fún ènìyàn 4, ẹ wọn bọ́tà ìdá mẹ́rin ife, ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ ife 1, sínámónì ààbọ̀ ṣíbí kékeré, ọtí dídùn olóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdá mẹ́rin ife àti ọtí rọ́ọ̀mù ìdá mẹ́rin ife, kí ẹ bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwo kékeré tirẹ̀, kí ẹ sì tò wọ́n bí ẹ ó ṣe lò wọ́n tẹ̀léra. Mo ti rí ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ débẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, tó wá sáré padà lọ wá ìṣáná. Kò sí ohun tó tún lè mú ẹwà padà sínú oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ 4 tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù ni kí ẹ mú, ẹ má sì bó wọn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àlejò, kí wọ́n má baà dúdú.

Ẹ yọ́ bọ́tà, ṣúgà àti sínámónì pọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ títí ṣúgà yóò fi yòrò, kí ẹ da ọtí olóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kí ẹ wá to ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti là ní gbọọrọ sínú rẹ̀. Tó bá ti ń rọ̀, ẹ gbé páànù kúrò lórí iná kí ẹ tó da rọ́ọ̀mù sí i. Inú àwo kékeré ni kí ẹ ti dà á, ẹ má ṣe dà á láti inú ìgò láé, nítorí iná lè gba ojú ọtí tó ń ṣàn wọ inú ìgò lọ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó gbóná, torí ooru tó ń fẹ́ jáde lára ọtí ni iná ń mú. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ yín jìnnà, kí ẹ fi ìṣáná gígùn ràn án létí páànù. Aṣọ fèrèsé àti apá aṣọ àlejò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Iná náà aláwọ̀ búlúù ni, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ kì í jẹ́ kí a rí i, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iná yàrá rọlẹ̀. Bí ẹ bá wọ́n sínámónì díẹ̀ sí i, yóò máa ta pàràpàrà bí ìràwọ̀. Fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Bí kò bá tètè kú, ọmọrí páànù tí ẹ ti fi sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi dé e, ẹ má da omi sí i, torí bọ́tà gbígbóná yóò ta síni lára.

Kí iná tó kú tán ni kí ẹnìkejì yín ti gbé áísìkiriìmù dé nínú àwo tútù. Ẹ to ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, kí ẹ fi ṣíbí bu omi ṣúgà lé e lórí, kí ẹ sì gbé e fún àlejò kí áísìkiriìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.