Ẹ bi wọ́n léèrè ìtọ̀ kí wọ́n tó dìde

Òkun o, ẹ̀yin ará tí ẹ ń ṣọ́ aláìsàn lóru ní Kàbbà, Ìsánlú àti agbègbè wa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ṣubú ní wọ́ọ̀dù, ìtọ̀ ló gbé wọn dìde. Ojú ń tì wọ́n láti pe ọmọ tí wọ́n lè bí. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó sùn, ẹ tún bi wọ́n láàárín òru: "Màmá, ṣé kí n gbé póò wá?"

Mo ti rí ìyá kan tó fi òpó dírípù ṣe ọ̀pá. Táyà òpó náà yí, ìyá ń lọ sílẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, torí òòyì máa ń kọ́ wọn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kí tọ́ọ̀ṣì ti wà lápò yín.