Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló há mi lọ́fun nínú lẹ́tà àwọn bíṣọ́ọ̀bù

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ìtàn ló ní kí n bá òun túmọ̀ lẹ́tà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ilẹ̀ Írẹ́lándì kọ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1922. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn tó gba àdéhùn 1921 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó fún Írẹ́lándì ní ìjọba tirẹ̀ àmọ́ lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló di ìjọba. Àwọn tó kọ̀ ọ́ gbé ìbọn. Orúkọ tí lẹ́tà náà pe àwọn tó kọ̀ yìí ni "Irregulars". Ibẹ̀ ni mo há sí.

"Jàǹdùkú" ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo kọ ọ́, ó dùn ún kà. Àfìgbà tí mo kà pé ìjọba ti pàṣẹ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé "Irregulars" ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kí wọ́n má pè wọ́n ní Republican, ìyẹn ẹni tó fẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò ní ọba. Áà! Mo tún ṣe ju ohun tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe lọ. "Irregulars" kì í ṣe èébú. Ńṣe ló kàn yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé. Mo pa jàǹdùkú rẹ́, mo kọ "ọmọ ogun tí kò sí nínú ìwé ìjọba".

Ọ̀rọ̀ "ìpànìyàn" tó wà nínú lẹ́tà náà kò ṣòro fún mi láti túmọ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó bá pa sójà ìjọba nínú ìjà alúgọ náà, apànìyàn ni níwájú Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá jáwọ́, kò sí ìdáríjì fún un níbi ìjẹ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ gba komúníọ̀n. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń bá wí yìí ń ka rósárì lójoojúmọ́ lẹ́wọ̀n. (Erskine Childers tó ń kọ ìpolongo fún wọn ní tirẹ̀, ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n bí sí London ni, komúníọ̀n kọ́ ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ìbọn ni ìjọba fi pa á ní oṣù kọkànlá.)

Mo fi àkọsílẹ̀ kan sí etí ìwé fún ọ̀rẹ́ mi. Lọ́dún 1923, Denis Barry, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ àdéhùn náà, kọ oúnjẹ lẹ́wọ̀n títí ó fi kú, Bíṣọ́ọ̀bù Cohalan ti Cork sì ní wọn ò gbọdọ̀ sìnkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Terence MacSwiney, olórí ìlú Cork, náà kọ oúnjẹ kú lọ́dún 1920, lẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì. Bíṣọ́ọ̀bù yìí kan náà wà níbi ìsìnkú tirẹ̀.