Bí ẹ ṣe lè fi téèpù aránṣọ wọn ìròyìn ọ̀sẹ̀

Kí n má parọ́ fún yín, aṣọ tí kò tíì parí ló sún èmi aránṣọ dé ìdí sísọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ fáwọn èèyàn. Ọjọ́ Sátidé làwọn oníbàárà máa ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láti wá gba aṣọ òde, bẹ́ẹ̀ ọrùn aṣọ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé lọ́wọ́. Mo wá rí i pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo bu ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹni tó ti fìbínú dìde á tún jókòó. Ní báyìí, àwọn kan ń wá tí wọn ò ní aṣọ kankan lọ́dọ̀ mi. Àwọn ló ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, káwọn náà lè máa ṣe é ládùúgbò wọn.

Ẹ wá ìwé kan. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí ni tèmi: iwájú rẹ̀ wà fún àyà, ìdí àti gígùn apá, ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún ìròyìn. Láti Mọ́ńdè ni kẹ́ ẹ ti máa kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá dúró de Fúráídè, ọ̀ràn tuntun á ti gun ti Túsìdeè lórí, ẹ ò sì ní rántí mọ́.

Rédíò ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lédè Yorùbá. Àmọ́ ohun tí rédíò sọ kọ́ ni mò ń kọ sílẹ̀ o. Ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ nígbà tó gbọ́ ọ ni. Nígbà tí ìjọba dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ìyá tó ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gbé ike rẹ̀ sílẹ̀, ó nà ró ṣánṣán, ó sì kọ orin náà láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Orin yẹn ni wọ́n ń kọ níléèwé títí di 1978. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ń wò ó lẹ́nu: "Ìyá, ibo lẹ ti tètè kọ́ ọ?" Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wíwọ̀n. Ìròyìn ńlá dà bí agbádá tí wọ́n rán fún ẹlòmíì. Ẹ gbọ́dọ̀ gé e mọ́ ara ẹni tó jókòó níwájú yín. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Mo kà á fún wọn, kò sẹ́ni tó mira. Ni mo bá gbé áyọ́ọ̀nù mi, mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo fi ibi tí wọ́n kọ 1000 watts sí hàn wọ́n. Irú áyọ́ọ̀nù yìí, bó bá fi wákàtí kan gbóná láìsinmi, yúníìtì kan ló jẹ yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí aṣọ ẹbí yín gún bí abẹ, wákàtí kan ti di náírà 225 o." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá kan láti Bódìjà wá ní, "Ẹ bá mi gbé tèmi wá bó ṣe rún yẹn." Ẹlòmíì béèrè pé Band wo làdúgbò tiwa wà, nítorí wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fáwọn ará Band A. Ọmọ iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n dáhùn: "Band À-ń-retí." Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n dín owó náà kù sí náírà 206 àti kọ́bọ̀ 80. Mo yọ ọ́ kúrò lára 225, ó ku náírà 18 àti kọ́bọ̀ 20. Kò ra bọ́tìnì kan ní Gbági.

Ẹ tún máa fa ìròyìn wò bí a ṣe ń fa aṣọ wò, ká mọ̀ bóyá á ya. Èmi ti jìyà ẹ̀. Ní February 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó wá di góòlù, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ń san owó tuntun. Mo kéde ẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta wọ Máíkírà lọ, wọ́n bá géètì ní títì pa, wọ́n sì ti ná ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn sórí ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kó áńkárá rẹ̀ lọ láì tíì gé. Látìgbà náà, mo máa ń béèrè: ta ló fojú ara rẹ̀ rí i, níbo, nígbà wo? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "wọ́n ní," abẹ́ "Wọ́n Ní" náà ni mo ń kọ ọ́ sí, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá sọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé ká máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún, rédíò méjì ni mo gbọ́ kí n tó la ẹnu. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ẹlẹ́ran ò kúkú gba 500 mi.

Ara yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà alágbára. Ẹni tó ń tò fún ìrẹsì kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí kò sí ẹ̀fẹ̀ rárá. Ní December 2024, tí èrò tẹ ọmọ 35 pa níbi àríyá ọmọdé ní Báṣọ̀run, mi ò ṣí ẹ̀yìn ìwé. A ránṣọ, kálukú sì lọ sílé.

Ìròyìn mẹ́ta tó. Ẹ fi èyí tó pa yín lẹ́rìn-ín jù sí àárín, má fi sí ìparí, torí bí ẹ̀rín bá ti tán báyìí, wọ́n á rántí ohun tó gbé wọn wá. Sátidé tó kọjá mo gbàgbé, mo fi èyí tó dùn jù parí ẹ̀. Ìyá kan fi etí gèlè nu omi ẹ̀rín lójú, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bùbá mi ńkọ́?"