Ṣíṣe géèmù fóònù ní ìrọ̀lẹ́: láti ojú ọpọ́n ayò dé orí Android

Olùkọ́ ní Ìsánlú, ẹni tó ń ta oògùn ní Kàbà, àgbẹ̀ tó ń ṣa kaṣú ní Ìyàrá, gbogbo wọn ló lè ṣe géèmù fóònù fúnra wọn láìfi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan lálẹ́, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ti tó. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ jáwọ́ lágbedeméjì ni pé géèmù tí wọ́n dáwọ́ lé ju àkókò tí wọ́n ní lọ. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣe bọ́ọ̀lù tí ènìyàn méjìlélógún ń sá kiri, tàbí ìlú ńlá tí a lè wa mọ́tò nínú rẹ̀. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yan èyí tí ẹ̀yin nìkan lè parí kí òjò tó ń bọ̀ tó dá.

Ayò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé méjìlá, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn méjì. Kò sí ohun tó ń sáré lórí ọpọ́n. Àwòrán tí ẹ nílò kò ju mẹ́ta lọ: ọpọ́n, ọmọ ayò, àti àmì tó ń tọ́ka sí ẹni tó kàn. Àwọn àgbà àdúgbò yín sì mọ̀ ọ́n ta, nítorí náà ẹni tí yóò sọ fún yín pé ibì kan kò tọ́ wà nítòsí.

Òfin kọ́kọ́, kóòdù lẹ́yìn

Ẹ má ì tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ jókòó ti àwọn bàbá tó ń ta ayò, kí ẹ sì kọ òfin wọn sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Òfin ayò kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Níbì kan, ẹni tí ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta ló ń jẹ. Níbòmíràn, ọwọ́ kò ní dúró títí ọmọ ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí ilé tó ṣófo, tí olúwarẹ̀ á wá jẹ ohun tó wà ní ilé tó dojú kọ ọ́. Ẹ yan ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sórí ìwé náà: apá ibo ni à ń gbìn sí? Bí ọmọ inú ilé kan bá lé ní mọ́kànlá, ṣé a ó fo ilé tí a ti kó o? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkejì kò bá ní ọmọ kankan mọ́? Nígbà wo ni ayò parí? Ìbéèrè tí ẹ kò bá dáhùn síbẹ̀ yóò dá yín dúró nígbà tí kóòdù bá ti gùn.

Irinṣẹ́, dátà àti iná

Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù, ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró sójú kan. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni yóò béèrè lórí géèmù yín lọ́jọ́ iwájú, kò béèrè pé kí ẹ wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣí, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: ẹ tẹ F1, kò ní jẹ dátà kankan. Godot fúnra rẹ̀ kò tóbi. Ohun tó tóbi ni export templates, àwọn fáìlì tí Godot fi ń sọ iṣẹ́ yín di áàpù (èyí ni à ń pè ní export), tó lè lé ní 1 GB, pẹ̀lú Android SDK àti Java JDK 17, irinṣẹ́ méjì tí export sí Android nílò. Ẹ fi dátà òru gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú àwọn fáìlì náà sórí fláàṣì. Templates gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà Godot yín mu láìyẹ̀ rárá, ti 4.3 kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 4.4. Nítorí náà ẹ má ṣe yí ẹ̀dà padà títí géèmù náà yóò fi parí, bó ti wù kí tuntun náà dára tó.

Iná lè lọ nígbàkigbà. Ẹ jẹ́ kí Ctrl+S mọ́ ọwọ́ yín lára, kí ẹ sì ṣètò autosave fún kóòdù nínú Editor Settings. Ẹ kọ́ git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú iṣẹ́ yín; kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ṣe commit kan, ìyẹn ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ ọjọ́ náà pamọ́ sínú git, kí ẹ tó dìde, ẹ sì da àpò iṣẹ́ náà sórí fláàṣì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ lè yọ àpò tó ń jẹ́ .godot kúrò nínú ohun tí ẹ ń dà, nítorí Godot yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbólóhùn kan sínú ìwé: ohun tó kàn gan-an. “Jẹ́ kí àmì ẹni tó kàn yí padà” dára. “Tẹ̀síwájú” kò wúlò. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́rin lọ ìsìnkú tàbí oko yóò mọ ibi tí yóò ti gbé e.

Ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà

Nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ̀dá iṣẹ́ tuntun, Godot yóò béèrè ọ̀nà tí yóò máa gbà ya àwòrán (renderer): ẹ yan Compatibility. Àwọn méjì yòókù, Forward+ àti Mobile, ń lo Vulkan, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò lè gbé dáadáa. Nínú Project Settings, ẹ fi 1280 sí fífẹ̀, 720 sí gíga, orientation sí landscape, stretch mode sí canvas_items, aspect sí expand. Ẹ tan low processor mode pẹ̀lú: bí ẹni tó ń ta ayò bá ń ronú, kò sí ìdí tí fóònù yóò fi máa tún àwòrán kan náà yà tí bátìrì ń jó.

Ẹ má fọwọ́ kan àwòrán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọpọ́n ayò jẹ́ nọ́ńbà méjìlá lórí ìlà kan, ìgbìn sì jẹ́ èyí:

var opon = [4,4,4,4,4,4,4,4,4,4,4,4]

func gbin(iho: Array, bere: int) -> int:
    var owo = iho[bere]
    iho[bere] = 0
    var i = bere
    while owo > 0:
        i = (i + 1) % 12
        if i == bere:
            continue
        iho[i] += 1
        owo -= 1
    return i

Àmì % 12 ló ń dá ọwọ́ padà sí ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkejìlá. Ìlà méjì tó ní continue ló ń fo ilé tí a ti kó ọmọ. Ẹ yọ wọ́n bí òfin yín kò bá ní i. Nọ́ńbà tí gbin dá padà ni ilé tí ọmọ ìkẹyìn bọ́ sí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá a jẹ tàbí a kò jẹ.

Lẹ́yìn gbogbo ìta, ẹ ro ọmọ orí ọpọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn méjèèjì ti jẹ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. Ẹ fi assert sí i kí géèmù dúró lójú ẹsẹ̀ tí kò bá pé. Àyẹ̀wò kékeré yìí ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe jíjẹ, torí ọmọ tó sọnù tàbí tó di méjì kò ní rí ibi sá sí.

Ẹni tí kò ní alábàátà yóò fẹ́ bá fóònù ta á. Ipele mẹ́ta tó. Òpè ń yan ilé èyíkéyìí tó ní ọmọ. Ẹni tó wà láàárín ń dán ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, ó sì ń ta èyí tó jẹ ọmọ jù. Ọ̀ta ń wo iwájú: bí mo bá ta èyí, kí ni ẹnìkejì yóò ta, kí ni èmi yóò fi dáhùn? Ìta mẹ́rin síwájú kò lè ju ipò ọpọ́n 1,296 lọ ní ìparí rẹ̀, fóònù kékeré á ṣe é wéré. Ìta mẹ́fà lè dé 46,656, níbẹ̀ ni fóònù ti máa ń dákẹ́ bí ẹni tó dì. Ẹ dúró sí mẹ́rin. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí ni pé ọpọ́n gidi yóò máa yí padà bí fóònù ti ń ronú. Ìdí ni pé Array, ìlà nọ́ńbà bíi opon, kì í di ẹ̀dà tuntun nígbà tí a bá fi ránṣẹ́ sínú func bíi gbin. Ọpọ́n kan náà ni. Ẹ kọ gbin(opon.duplicate(), b) nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, kí ẹ sì fi opon lásán sílẹ̀ fún ìta gidi.

Kí Yorùbá hàn bó ti yẹ

Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má kánjú. Géèmù tó kọ “Ota” dípò “Ọ̀ta” ń fojú kéré ẹni tó ń kà á. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: ẹ tàbí ọ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó gùn ún lórí. Ọ̀pọ̀ fóńtì aláràbarà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá, nítorí náà àpótí òfo ni ẹ ó rí. Àwọn mìíràn ní lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n àmì ohùn yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ lo Noto Sans tàbí Charis, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Godot 4 ń to àmì sórí lẹ́tà dáadáa. Ẹ fi ìlà yìí dán fóńtì èyíkéyìí wò kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀: Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀gbẹ́ ńkọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lórí fóònù ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ kí géèmù sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka èdè Yorùbá bíi Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀, ẹ wá ẹni tó ń sọ ọ́ nílé kí ó ka gbólóhùn náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ má ṣe fi Yorùbá ìwé hun ún fúnra yín. Ìró ọmọ ayò náà, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí ọpọ́n gidi nínú yàrá tí a ti pa fáànù, ẹ fi Audacity gé e, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bíi WAV. Àwòrán ọ̀fẹ́ tí kò béèrè ìdúpẹ́ pàápàá wà ní kenney.nl.

Gbígbé e sórí fóònù

Àṣìṣe mẹ́rin ló máa ń kọlu gbogbo ènìyàn níbí. Bí export bá kọ̀, ẹ wò bóyá ẹ ti tan ETC2 ASTC, irú ìfúnpọ̀ àwòrán tí fóònù ń lò, nínú Project Settings. Bí fóònù kan bá ní áàpù náà kò lè wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóònù 32-bit: arm64-v8a, ti fóònù 64-bit, nìkan ni Godot máa ń mú, ẹ mú armeabi-v7a, ti 32-bit, pẹ̀lú. Bí àwòrán bá hàn lórí Windows tí kò hàn lórí fóònù, ẹ ti kọ Opon.png níbì kan, opon.png níbòmíràn, ẹ fi lẹ́tà kékeré sọ gbogbo fáìlì lórúkọ. Bí ayò kò bá rántí ibi tí a bá a dé, ẹ ti gbìyànjú láti kọ sínú res://, àpò iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí a kò lè kọ sí mọ́ lẹ́yìn export. user://, àpò tí géèmù lè kọ nǹkan sí lórí fóònù, ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ lo ConfigFile, irinṣẹ́ Godot fún títọ́jú nǹkan sínú fáìlì, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́yìn ìta kọ̀ọ̀kan, torí bí ìpè bá wọlé, Android lè pa géèmù náà láìkìlọ̀.

Fún àwọn ará ilé, ẹ fi Xender tàbí káàdì gbé APK, fáìlì áàpù Android náà, fún wọn. Ẹ fún ìyá àgbà ní fóònù náà láìṣàlàyé ohunkóhun, kí ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ń tẹ ibi tí kò sí bọ́tìnì, ibẹ̀ ni bọ́tìnì yẹ kó wà. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kéré ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án lọ.

Play Store ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àkáǹtì aládàáni tuntun gbọ́dọ̀ ní olùdánwò méjìlá, ó kéré tán, tí wọn kò kúrò nínú ìdánwò fún ọjọ́ 14 léraléra, kí géèmù tó lè jáde fún gbogbo ayé. Ẹ kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, torí ẹnì kan á yí fóònù padà láàárín. AAB, irú fáìlì áàpù mìíràn, ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọn kì í gba APK, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ojú ewé ìlànà àṣírí kódà bí ẹ kò bá gba ìsọfúnni kankan. Bí èyí bá pọ̀ jù lọ́wọ́lọ́wọ́, itch.io, ojúlé géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba APK lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ó wù kí ẹ yàn, ẹ tọ́jú keystore, fáìlì tí a fi ń buwọ́ lu áàpù, àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí ó bá sọnù, APK tuntun yín kò ní lè wọlé sórí èyí tó wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́ kúrò pẹ̀lú gbogbo ayò tí wọ́n ti ta.