Bí a ṣe ń sin ẹja White Cloud nínú àmù

Ẹja White Cloud kéré. Bó dàgbà tán, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ l'Ẹ́fọ̀n Aláayè fi máa ń bi mí pé, "Ìyá Tóbi, ẹja tí kò tó í sè yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo fẹ́ máa wò ó ni. Ìlà kan tó ń kọ mànà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ojú dé ìdí ìrù, ìrù náà sì pupa. Bí akọ méjì bá pàdé, wọ́n á na lẹbẹ síra wọn bí ẹni ń yangàn, kò sì ní dìjà.

Ṣáínà ló ti wá. Ọ̀gbẹ́ni Tan, ọ̀gá àwọn ọmọ Boy Scout, ló rí i nínú odò kékeré lórí Òkè Baiyun nítòsí Guangzhou. Ní 1932 ni Lin Shu-yen, onímọ̀ nípa ẹja, fi orúkọ Tan sọ ẹja náà, ó pè é ní Tanichthys albonubes. Lórí òkè ọ̀hún, ó ti di àwátì. Ibi kéékèèké díẹ̀ ló kù tí wọ́n ti ń rí i ní gúúsù Ṣáínà àti ní Vietnam. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, inú ọgbà ẹja ni wọ́n ti ń sìn ín.

Omi orí òkè ló mọ̀. Ìwọ̀n 18 sí 22 lórí Celsius ló bá a lára mu jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, ẹ má dá a lóhùn. Ọyẹ́ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ooru Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Àmù ló ń gbà wá. Àmù amọ̀ gidi ni mò ń wí, tí wọn ò kùn lọ́dà, tí wọn ò sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi pa aró tàbí tí wọ́n fi rẹ àgbo rí, ẹ fi í sílẹ̀. Kó lẹ́nu gbòòrò, torí ojú omi ni ẹja ti ń rí afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà tí kò síná tí ẹ máa fi tan ẹ̀rọ kankan. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ pọn omi kún un, ẹ dà á nù lọ́jọ́ kejì, ẹ tún pọn òmíràn, títí omi náà ò fi ní í rùn amọ̀ mọ́. Ẹ gbé e ka iyanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá.

Àmù a máa làágùn. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ òógùn yẹn gbẹ ni omi inú rẹ̀ ń tutù. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan: bó bá rin, tó tutù, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbẹ, ihò ara rẹ̀ ti dí nìyẹn. Ẹ fi kànrìnkàn bó o láti ìta, ẹ má lo ọṣẹ rárá. Nígbà tí oòrùn bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo máa ń rẹ ègé aṣọ òwú sómi, màá fi wé e lára. Ẹ bò ó lẹ́nu pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn, torí ẹja yìí mọ̀ ọ́n fò.

Omi kànga dára. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi oògùn sí, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú báàfù kí ẹ tó dà á sí i. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹja mẹ́fà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán. Bó bá dá wà, ẹ̀rù ni yóò máa bà á.

Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ọ̀fẹ́ ni: tanwíjí. Ẹ gbé ike omi sẹ́yìnkùlé, ẹ da ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ ó rí wọn láìpẹ́ tí wọ́n ń rún ara lọ sókè sódò. Asẹ́ tíì ni mo fi ń sẹ́ wọn. Ẹ sẹ́ gbogbo wọn tán kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn lẹ̀ ń sìn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí tanwíjí, ẹ fún àwọn ẹja náà ní edé gígún tí ẹ ti kù dáadáa, ní ìwọ̀nba.

Ojúoró ni kí ẹ jẹ́ kó léfòó lójú omi. Abo, èyí tí ikùn rẹ̀ yọ, á máa yé ẹyin sára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn òbí sì lè jẹ ẹyin ara wọn. Bí ẹ bá ti rí i tí akọ ń lé abo kiri, ẹ gbé ojúoró náà sínú báàfù funfun tí ẹ ti bu omi àmù sí. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ ó rí ọmọ tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ kékeré lábẹ́ ewé. Tanwíjí tóbi jù fún wọn nígbà yẹn. Omi tí ẹ rẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sí, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ni kí ẹ máa kán sí i. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò rí ló wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ má dà wọ́n sódò. Odò wa ní ẹja tirẹ̀, omi tó bá sì kúrò ní Èkìtì ń lọ jìnnà: Ìgèdè ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó sì dé ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹ fi ta ará àdúgbò lọ́rẹ. Ní tèmi, ẹni tó bá tọrọ, mo máa ń ní kó gbé àmù rẹ̀ wá kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.